Bọ́ọ̀lù lọ sinmi, kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún gbà mí lọ́kàn: ta ló tún ń wò ó?

GunnerPeckham
Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ 2025, 7:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Arsenal ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Arsenal kọ́ ni mo gbé wá lónìí. Láti ìgbà tí líìgì ti parí ní oṣù karùn-ún, kíríkẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò. Kì í ṣe ti oníkíákíá tó ń parí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan o. Test ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń fi odindi ọjọ́ márùn-ún gbá. England àti India pàdé lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìgbà ooru yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù kẹfà, ó parí lọ́jọ́ Ajé tó kọjá yìí, mo sì bá wọn dé òpin. Ọkàn mi kún, àfi kí n sọ ọ́ fún ẹnìkan.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gáréèjì bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì ni mí. Ní oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ Gyökeres, agbábọ́ọ̀lù Sporting tí Arsenal fẹ́ rà, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí lórí rú: ó ń bọ̀, kò bọ̀ mọ́, Sporting gbà, Sporting kọ̀. Kí n tó fọnu láàárọ̀, fóònù ni mo kọ́kọ́ ń gbá mú. Àgbà kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Barbados, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Rédíò rẹ̀ kì í kúrò lórí àpótí irinṣẹ́, kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ló jọ létí mi. Ọjọ́ kan ló ní kí n fi fóònù sílẹ̀ fún wákàtí kan péré kí n bá òun gbọ́ ọ. Wákàtí kan yẹn ló di oṣù méjì.

Ọjọ́ kejì ní Lord's, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kan ní London, ló kọ́kọ́ mú mi. Jofra Archer ti England, tí wọ́n bí ní Barbados, padà sínú Test lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí ìfarapa fi dá a jókòó. Bọ́ọ̀lù kẹta tó jù báyìí, ó lé Jaiswal ti India jáde. Bàbá yẹn gbé sípánà sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kàn dúró. Kò pariwo. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú eré yìí tí mi ò tíì rí.

Lẹ́yìn náà ni ti Siraj. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní Lord's kan náà, ọjọ́ karùn-ún, 14 oṣù keje, India ń wá run 193 kí wọ́n lè borí (run ni iye tí wọ́n ń kó jọ, bíi góòlù tiwa). Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni wọ́n ń jáde títí ó fi ku Jadeja àti Mohammed Siraj. Bọ́ọ̀lù jíjù ni iṣẹ́ Siraj, kì í ṣe bátì dídì mú. Ó ń dí i, ó ń dí i, ìrètí sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bashir ti England, tí ìka rẹ̀ ti kán, wá ju ọ̀kan. Siraj dí i dáadáa, ó kan àárín bátì. Àmọ́ bọ́ọ̀lù náà bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò fẹ́ ṣe é ní ibi, ó sì kan igi mẹ́ta tó ń ṣọ́. Igi kékeré orí rẹ̀ jábọ́. India pàdánù pẹ̀lú run 22. Siraj bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kò lè dìde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ti The Oval, pápá mìíràn ní London. England ń wá 374. Lọ́jọ́ Àìkú, Harry Brook ti England gbá bọ́ọ̀lù kan sókè nígbà tó ṣì wà ní 19. Siraj mú un lófuurufú, ó ti jáde! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Siraj tẹ okùn ààlà lẹ́yìn. Dípò kí Brook jáde, run mẹ́fà ló di tirẹ̀, ó sì gbá a dé 111. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù wa ni, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹni á máa gbé kiri títí ọjọ́ alẹ́.

Òjò àti òkùnkùn dá wọn dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ku run 35 fún England, èèyàn mẹ́rin ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi yẹn ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé a wọ bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham, a gba Camberwell, a sọ̀ kalẹ̀ ní Oval. Inú pápá kún dẹ́nu. Bọ́ọ̀lù méjì àkọ́kọ́, Overton ti England gbá méjèèjì dé ààlà, ó wá ku 27. Mo ní ó ti tán. Ni Siraj bá gbé bọ́ọ̀lù. Smith jáde. Overton jáde. Prasidh Krishna lé Tongue. Chris Woakes sì jáde wá, ọwọ́ òsì rẹ̀ so mọ́ àyà lábẹ́ súwẹ́tà, nítorí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo wa dìde fún un, àti ọmọ England àti ọmọ India. Atkinson gbá mẹ́fà kan. Ó ku 7 kí England borí. Siraj sáré wá, ó ju bọ́ọ̀lù náà sí ìdí ẹsẹ̀ Atkinson gan-an, igi fò dànù. India fi run 6 borí, ó sì di 2–2 láàárín wọn.

Kò pé wákàtí kan. Ọjọ́ 25 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wákàtí kan ló wá parí ẹ̀. Siraj nìkan nínú àwọn ọmọ India tó ń sáré ju bọ́ọ̀lù kíákíá ló gbá máràrùn-ún, èèyàn 23 ló lé jáde.

Premier League ń bọ̀ ní 15 oṣù yìí, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: ta ló tún wà nínú yín tó ń ṣe báyìí?

AráÌbàdàn_3SC
Ọjọ́rú, 9:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Mo kà á tán, ẹ sì mọ ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, kò tíì yé mi. Adámásingbà ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, a ti mọ ẹni tó nà, a ti mọ ẹni tí wọ́n nà, oníkálukú ti gba ilé lọ. Kódà nígbà tí Remo Stars gba líìgì mọ́ wa lójú lọ́dún yìí, ó dùn wá, ṣùgbọ́n ó yé wa.

Èyí tí mo gbọ́ nípa Test ni pé wọ́n lè gbá a fún ọjọ́ márùn-ún kó sì jẹ́ ọ̀mì. Ọjọ́ márùn-ún! Wọ́n á lọ jẹun ọ̀sán, wọ́n á lọ mu tíì, wọ́n á tún padà wá. Ṣé kò sú yín? Kí ni ẹ ń wò gan-an fún gbogbo àsìkò yẹn? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

ChelseaNiMí
Ọjọ́rú, 9:15 àárọ̀

Ta ló ní bọ́ọ̀lù sinmi? Chelsea gba ife àgbáyé àwọn kiliọ́ọ̀bù ní 13 oṣù keje, a na PSG 3–0. Èmi ò ráyè kíríkẹ́ẹ̀tì kankan.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ọjọ́rú, 12:48 ọ̀sán

GunnerPeckham, ẹ ò dá wà. Mo wà níbẹ̀ láti 2019.

Ará Ìbàdàn, ìbéèrè rẹ dáa, jẹ́ n dá ọ lóhùn bí mo ṣe ṣàlàyé fún ìyá mi nígbà tí wọ́n wá kí wa. Èèyàn 11 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù, èkejì ń fi bátì gbá a. Àwọn tó ń gbá, méjì méjì ni wọ́n ń dúró. Tí wọ́n bá gbá a tí wọ́n sáré pààrọ̀ ibùdúró, run kan nìyẹn. Tó bá yí dé okùn ààlà, mẹ́rin. Tó bá fò ó kọjá láì kanlẹ̀, mẹ́fà. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ, tàbí tí ẹnìkan bá mú un lófuurufú, o ti jáde nìyẹn. Kò sí pé mo fẹ́ gbìyànjú sí i. Tí mẹ́wàá bá jáde, ó kan ẹgbẹ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníkálukú ń gbá. Iye run tó wù kí o kó jọ, tí o kò bá rí àwọn tí o ń lé lé tán kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ọ̀mì ni.

Ohun tí à ń wò, ó pọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lé lórí a máa gbó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó tẹ́ bí ẹní, tó bá fi di ọjọ́ kẹrin ó ti ń la ẹnu, bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ síbẹ̀ á yà sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Bọ́ọ̀lù pupa náà ń gbó. Wọ́n á máa fi ṣòkòtò funfun nu ẹ̀gbẹ́ kan kó lè máa dán, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀ kó gbó, kó lè máa tẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ẹ wo itan àwọn tó ń jù ú nírọ̀lẹ́, àbàwọ́n pupa ló kún ibẹ̀. Tí ìkùukùu bá bolẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa jó. Tí oòrùn bá yọ, ara á tu ẹni tó mú bátì. Ṣé o mọ ayò? Ẹni tó kàn ń kọjá lọ á ní àwọn bàbá yìí kàn ń ka ọmọ ayò ni. Ẹni tó jókòó tì wọ́n mọ̀ pé ọ̀ta ti ń dẹ okùn sílẹ̀ fún ọ̀pẹ láti ìṣáájú.

Wàyí o, 25 oṣù kẹjọ 2019. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mò ń ro àmàlà. Headingley, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Leeds, ò jìnnà sí ilé wa. England àti Australia ni. Nínú ìgbà àkọ́kọ́ wọn, run 67 péré ni England kó tí gbogbo wọn fi jáde. Ta ló máa rò pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ á wá 359 rí? Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, run méjì péré ni Ben Stokes ní. Ó kàn ń dí i ni. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn, Jack Leach, wọlé, iye wọn jẹ́ 286, ó ku 73. Ọkọ mi ní kí n pa rédíò, pé ó ti parí.

Mi ò pa á. Ni Stokes bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a kọjá ààlà, mẹ́fà, mẹ́fà. Leach á nu gíláàsì ojú rẹ̀, á dúró, á dí bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì, Stokes á tún gbà á padà. Mo ti pa sítóòfù láì mọ ìgbà tí mo pa á. Omi orógùn ń kán sílẹ̀. Nígbà tó ku méjì, ó yẹ kí wọ́n lé Leach jáde, ó ti sáré dé àárín ọ̀nà, bọ́ọ̀lù sì bọ́ lọ́wọ́ Nathan Lyon. Bọ́ọ̀lù 17 ni Leach kojú, run kan ṣoṣo ló rí. Run kan yẹn ló mú kí iye dọ́gba! Stokes wá gbá mẹ́rin, ó ní 135, ó sì parí. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, wọ́n sáré wọlé wá béèrè ohun tó dé sí mi.

Leeds ti padà sí Premier League báyìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú ọ̀sán yẹn ní Elland Road rí, mo sì ti rí ohun púpọ̀ níbẹ̀.

ỌmọÈkìtì_Stretford
Ọjọ́rú, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọ̀mì yẹn, nítorí ó ká mi lára.

Pápá méjì ló ń jẹ́ Old Trafford ní Manchester. Ti United àti ti kíríkẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ipò 15 ni United parí sí lọ́dún yìí, nítorí náà mi ò fẹ́ rí ti àkọ́kọ́ rárá nígbà ooru. Èkejì ni mo lọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta 26 oṣù keje. England ti kó 669. India fi 311 wà lẹ́yìn. Nínú over àkọ́kọ́ wọn, ìyẹn bọ́ọ̀lù mẹ́fà àkọ́kọ́, Woakes lé èèyàn méjì jáde, run ò tíì wọlé. Òdo fún méjì. Gbogbo èèyàn tó wà nítòsí mi ní ìsìnkú ló kù.

Mo padà délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti wo Super Falcons àti Morocco ní Rabat. Kí a tó lọ sinmi ìlàjì, wọ́n ti fi méjì sí òdo ṣíwájú wa. Méjì sí òdo! Mo ní irú ọjọ́ wo rè é? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí: Okoronkwo gbá pẹ́nárítì wọlé, Folashade Ijamilusi dá a padà, Echegini parí rẹ̀, 3–2, ife kẹwàá. Mo sunkún.

Lọ́jọ́ Àìkú, India ṣì wà lórí ilẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, wọn ò lè borí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè rí gbà ni ọ̀mì, wọ́n sì gbá gbogbo ọjọ́ fún un. Rahul 90. Gill 103. Jadeja àti Washington Sundar wá dúró, wọn ò kúrò mọ́. Nígbà tó ku bíi wákàtí kan, Stokes, balógun England, wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ pé kí a máa lọ ilé. Jadeja kọ̀. Ó wà ní 89, Sundar wà ní 80, wọ́n ti làágùn fún un, wọ́n fẹ́ dé ọgọ́rùn-ún wọn. Stokes bínú. Wọ́n dé ọgọ́rùn-ún méjèèjì.

Àwọn kan ní ìwà yẹn kò dáa. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ààbọ̀ dúró kí ilé má baà wó, tirẹ̀ ni kó pinnu ìgbà tó máa jókòó. Ará Ìbàdàn, ọ̀mì tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè borí ní The Oval lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e kó di 2–2. Tí wọ́n bá ti túúbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ohun tí Siraj ṣe kò ní í já mọ́ nǹkan kan.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì
Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ, 5:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. A gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ẹ̀kọ́ girama wa kí ogun abẹ́lé tó dé. Èmi ni mo ń dúró lẹ́yìn igi láti mú bọ́ọ̀lù, ìka ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ṣì wọ́ títí dòní.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé bọ́ọ̀lù àti kíríkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àjèjì síra wọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, kíríkẹ́ẹ̀tì sì ni ẹ̀gbọ́n. GunnerPeckham, The Oval tí o lọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá àṣekágbá FA Cup àkọ́kọ́ ní 1872. Wanderers fi ẹyọ kan borí Royal Engineers. Charles Alcock tó dá ìdíje yẹn sílẹ̀, òun kan náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Surrey tó ń lo pápá náà. Ibẹ̀ náà ni Test àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ England ti wáyé ní 1880. Àwọn ọmọdékùnrin tó fẹ́ nǹkan ṣe nígbà òtútù nítorí pé kíríkẹ́ẹ̀tì ti sinmi ló dá Tottenham sílẹ̀ láti ara Hotspur Cricket Club ní 1882. Sheffield Wednesday, kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá láti 1820 kí bọ́ọ̀lù tó wọ̀ ọ́ ní 1867. Kódà AC Milan, wọ́n fi kíríkẹ́ẹ̀tì sínú orúkọ rẹ̀ ní 1899. Nígbà náà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń dí àyè kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin wá ń fi kíríkẹ́ẹ̀tì dí àyè bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Arsenal ni ọ́, o yẹ kí o mọ Denis Compton. Ó gba líìgì pẹ̀lú Arsenal ní 1948, ó gba FA Cup ní 1950, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Leslie wà nínú ẹgbẹ́ náà. Compton yìí kan náà gbá Test 78 fún England. Ní ìgbà ooru 1947, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ló kó ọgọ́rùn-ún run. Ilẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ogun nígbà yẹn, oúnjẹ ṣì jẹ́ pípín. Àwọn tó rí i kò gbàgbé rẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Ẹ tún gbọ́ ti Chris Balderstone. Ní 15 oṣù kẹsàn-án 1975, ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Leicestershire ní Chesterfield títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó wà ní 51, kò tíì jáde. Ó bọ́ ṣòkòtò funfun, wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí Doncaster, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Doncaster Rovers lálẹ́ ọjọ́ kan náà, 1–1 pẹ̀lú Brentford. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sídìí kíríkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbá a dé 116, Leicestershire sì gba ife.

Nípa ti ilé wa, láti 1904 ni Lagos àti Gold Coast ti ń pàdé nídìí eré yìí. Pápá rẹ̀ ṣì wà ní Tafawa Balewa Square. Ìgbà tó yá ni a jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa.

GunnerPeckham
Ọjọ́bọ̀, 7:12 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe Arsenal, mi ò gbọ́ orúkọ Compton rí. Màá sọ fún bàbá ibi iṣẹ́ mi, bó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ màá bá a jà pé kò sọ fún mi.

PalaceLewisham
Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Mo ń ka gbogbo ẹ̀, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kù.

Ní 2005, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mí ní Lewisham. Channel 4 ni wọ́n ti ń fi England àti Australia hàn nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni. A ò ní owó sátẹ́láìtì nílé wa. Mo rí ti Edgbaston, ní Birmingham, pẹ̀lú ojú mi, England fi run 2 borí. Mo rí Flintoff tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó gbé ọwọ́ lé Brett Lee léjìká nígbà tí àwọn yòókù ń jó. Mo rí Pietersen ní The Oval, 158. Gbogbo wa ní ọgbà àwọn ilé ìjọba ni a fi pákó ṣe bátì nígbà ooru yẹn, tí a fi àpótí ìdọ̀tí ṣe igi mẹ́ta. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n kó o lọ sí Sky, tí èèyàn ń sanwó fún. Ó tán. Àwọn àbúrò mi ò rí i mọ́, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí Eze gbá èyí tó fún àwa Crystal Palace ní FA Cup wọlé ní Wembley ní oṣù karùn-ún, kò sí ọmọ kankan ládùúgbò wa tí kò mọ̀. Ẹ béèrè Siraj lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún wo àwọn ìjókòó. Ní 1976, nígbà tí Michael Holding lé èèyàn 14 jáde ní The Oval, àwọn èèyàn wa láti West Indies ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú agolo tí wọ́n ń gbá. Mo lọ síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi nìkan ni adúláwọ̀ ní gbogbo ìlà tí mo jókòó sí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan yẹn, mo fi bọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mí nítorí pé mo fẹ́ràn eré náà. Tí mi ò bá fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní í kọ èyí.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ọjọ́bọ̀, 2:05 ọ̀sán

Òótọ́ lo sọ, àbúrò mi. Rédíò BBC ló gba èmi là, ọ̀fẹ́ ló ṣì wà. Tí èèyàn bá sì fẹ́ wọ pápá láì ná owó ńlá, kó lọ wo ìdíje àwọn ìpínlẹ̀, County Championship. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gbá a, àyè ìjókòó sì pọ̀. A máa ń gbé jọlọ́ọ̀fù sínú kúlà lọ.

GunnerPeckham
Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

PalaceLewisham, mo gbà pẹ̀lú ẹ. Tí bàbá yẹn ò bá fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò bá má dé ibẹ̀. Mo gbọ́ pé Surrey dá ètò kan sílẹ̀ ní 2020, ACE ni wọ́n ń pè é, Ebony Rainford-Brent ló ṣáájú rẹ̀, láti wá àwọn ọmọ adúláwọ̀ kiri nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọdún mẹ́wàá, ó ń ju òkúta bí ìbọn. Màá lọ béèrè fún un.

Surulere_Ìbídùn
Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ, 10:10 àárọ̀

Ẹ ti gbàgbé àwọn ọmọ wa o! Ní 20 oṣù kìíní ọdún yìí, ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19 lọ ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe Test, ti kúkúrú ni, òjò tún gé e kù sí over 13. Wọ́n kó run 65 péré. New Zealand ni wọ́n dojú kọ, orílẹ̀-èdè tó ti ń gbá Test láti ìgbà láéláé. Ó ku run 9 fún New Zealand nínú over ìkẹyìn, Lillian Udeh gba bọ́ọ̀lù, kò gbà fún wọn. 63 ni wọ́n parí sí. Run 2 ni a fi borí, iye kan náà pẹ̀lú Edgbaston 2005 tí wọ́n ń sọ lókè yẹn. Lucky Piety ni balógun wọn.

Mo wò ó lórí fóònù nínú gọ-sílóò Ojúẹlẹ́gba. Awakọ̀ dánfó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú, nítorí igbe tí mo ké.

AráÌbàdàn_3SC
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ, 11:37 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n GunnerPeckham, mo padà dé. Mo ti ra dátà, mo ti wo àwọn àkékúrú ti Lord's àti ti The Oval láti ìrọ̀lẹ́. Mo wo ibi tí bọ́ọ̀lù ti yí kan igi Siraj yẹn, á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tí mo dá a padà. Mo wo ibi tó ti tẹ okùn. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹ rí i? Mo wá wo bó ṣe ń sáré bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìparí nìkan, mi ò bá má mọ ìdí tó fi ké báyẹn.

Mi ò tíì sọ pé màá jókòó fún ọjọ́ márùn-ún o. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Ẹni tó so ọwọ́ mọ́ àyà yẹn, Woakes, mi ò rí i kó gbá bọ́ọ̀lù kan. Kí ló wá ṣe níbẹ̀?

GunnerPeckham
Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ, 6:55 àárọ̀

Àbúrò mi, inú mi dùn láti ka èyí.

Tí mẹ́sàn-án bá ti jáde, ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá dúró gbá a. Ẹnìkejì gbọ́dọ̀ wà ní ìhà kejì. Tí Woakes kò bá jáde wá, ó parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà ó wá láti dúró. Atkinson ló ń kojú gbogbo bọ́ọ̀lù. Tí over bá fẹ́ parí, wọ́n gbọ́dọ̀ sáré run kan kí Atkinson lè wà níbi tí bọ́ọ̀lù tó kàn máa dé, kí Woakes má baà kojú ẹ̀.

Mo rí i láti ibi tí mo jókòó. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn nínú over kan, Atkinson kò rí i gbá, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn igi, àwọn méjèèjì sì gbéra. Woakes fi ọwọ́ ọ̀tún gbá èjìká òsì mú látòkè súwẹ́tà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mì ín, ó ń ká eyín. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí igi láti lé e jáde, kò bà á. Ó dé òdì kejì, ó tẹ̀ síwájú, ó dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ láì gbé orí. Ẹ̀gbẹ́ mi ni àwọn ọmọ India mẹ́ta wà, wọ́n ti gbé àsíá dání láti àárọ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.